OMI NÍ Ọ̀GÁ MẸ́TA, ẸJA KÒ NÍ ALÁBÒÓJÚTÓ

Àsìkò ìbò ti tún dé. Àwọn tí a kò fojú kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ìbò wa lọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ọ̀nà abúlé. Wọn yóò sọ̀rọ̀ títì, wọn yóò sọ̀rọ̀ iná, wọn yóò máa juwọ́ sí yín láti inú mọ́tò. Ọ̀rọ̀ títì àti ọ̀rọ̀ iná wà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé ìròyìn yìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ló kọ ọ́. Èyí tí ẹgbẹ́ gbé lé èmi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹja, àti ọ̀rọ̀ àwọn adágún omi tí wọ́n ń sọ pé àwọn yóò fi ṣe ibi ìgbafẹ́. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ omi tí ọmọ yín ń mu sì ni pẹ̀lú.

Ẹ wo ọjà wa. Kí ni àwọn ìyá wa ń tà nídìí ẹja? Títù àti kòtè, ẹja inú páálí, tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé wá láti ilẹ̀ òkèèrè, tó ti di yìnyín kó tó fojú kan Èkó. Bí dọ́là bá gòkè, ẹja gòkè. Bí epo mọ́tò bá gbówó lórí, ẹja tún gòkè. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ fún ọmọ márùn-ún á wá máa gé ẹja kan ṣoṣo bí ẹni ń gé oògùn. Àrọ̀ inú oko ọ̀sìn wà lóòótọ́ (èmi kò fẹ́ràn adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́), àmọ́ owó oúnjẹ rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sìn ín kúrò nídìí iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé omi wọ́n wa. Láti 1961 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sé omi Ẹrẹ́lú fún Ọ̀yọ́. Ní 1964, wọ́n sé odò Ọbà fún Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà ni Ìkéré Gọ́ọ̀jì dé, lórí odò Ògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, èyí tí ìjọba Shagari dáwọ́ lé ní 1983. Omi tí ìsédò náà lè gbà tó 690 mílíọ̀nù mítà oníkúbíìkì. Wọ́n ṣèlérí iná mànàmáná. Wọ́n ṣèlérí omi ẹ̀rọ fún àwọn ìlú, títí dé Èkó. Wọ́n ní omi rẹ̀ yóò rin oko tó fẹ̀ tó 12,000 hẹ́kítà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ. Ogójì ọdún gbáko kọjá láìsí iná. Ohun kan ṣoṣo tí omi náà ṣe láìdúró de ìjọba ni pé ó bí ẹja.

Ẹja náà ńkọ́? Ta ló ń bójú tó o? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Ní Ìkéré, River Basin ló ni ìsédò, ìyẹn Ogun-Osun River Basin, tí ìjọba àpapọ̀ dá irú wọn sílẹ̀ ní 1976, tí olú ọ́fíìsì tiwọn sì wà ní Abẹ́òkúta. Igbó tó bá omi náà pààlà, ti National Park ni, Old Oyo National Park, tó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, tó sì wọ inú Oríire tiwa yìí. Ọbà àti Ẹrẹ́lú, Water Corporation ìpínlẹ̀ ló ń fa omi ibẹ̀. Ọ̀gá mẹ́ta. Mo bi òṣìṣẹ́ kan léèrè nígbà kan, mi ò ní dárúkọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, mo ní: «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹja inú omi yín, ta ló wà nídìí rẹ̀?» Ó ní omi ni tiwọn, kí n lọ bi àwọn kan léèrè nípa ẹja. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n ní igbó àti ẹran ni tiwọn. Ẹlòmíràn ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ lẹ́tà. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wọn bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí adágún ṣe ń ṣe, torí àìmọ̀ wa ni wọ́n fi ń rẹ́ wa jẹ. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sé odò, omi á bo koríko, á bo ewé, á bo ìgbẹ́ màlúù, á bo gbogbo ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà nínú àfonífojì náà. Gbogbo rẹ̀ á jẹrà, á di oúnjẹ fún ẹja. Lọ́dún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹja á pọ̀ tí ẹnu á fi máa ya ará ìlú, àwọn apẹja á sì máa rọ́ dé láti ọ̀nà jíjìn. Tó bá yá, ọ̀rá ilẹ̀ náà á tán. Ẹja á dínkù, ṣùgbọ́n apẹja kò ní dínkù. Kí ni apẹja á ṣe? Á ra àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kejì, á tún ra èyí tó kéré sí ìyẹn. Nígbà tó bá yá, ọmọ ẹja tí kò ju ìka lọ ni yóò máa kó wálé, á sì máa sọ pé ayé ti bàjẹ́.

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní Kainji, lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Ọya ní 1968. Ẹja kún, ẹja sì fà. Láti 1993 títí di 2001, àwọn Jámánì bá ìjọba wa ṣiṣẹ́ lórí adágún náà. Wọ́n ka apẹja, wọ́n ka ọkọ̀, wọ́n fòfin de àwọ̀n gbàràmù tí wọ́n ń wọ́ lọ sétí bèbè, èyí tí kì í fi ìyá sílẹ̀ kì í fi ọmọ sílẹ̀, wọ́n sì ṣètò ìwé àṣẹ fún ẹni tó bá fẹ́ pẹja. Wọn kò ṣe é láti inú ọ́fíìsì o. Wọ́n lọ bá àwọn olórí apẹja jókòó ní abúlé wọn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹja omi dídùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní New Bussa níbẹ̀ títí di òní. Ìrìn ọjọ́ kan ni láti Ìkòyí-Ilé. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ìmọ̀ kò sí, irọ́ ni. Ìmọ̀ wà. Àwọn tó yẹ kó lọ wá a ni kò lọ.

Èwo ni àwọn olóṣèlú wa wá mọ̀? Kí wọ́n ra ọmọ ẹja, kí wọ́n pe oníròyìn, kí ọ̀gá wọ agbádá, kí wọ́n dà á sómi, kí kámẹ́rà sì tàn wàà. Bí wọ́n bá gbé irú eré bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín láàárín ìsinsìnyí sí ọjọ́ ìbò, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ wọn.

Ọmọ ẹja tí wọ́n gbé nínú ọ̀rá láti Ìbàdàn, omi inú ọ̀rá yẹn ti gbóná lójú ọ̀nà. Omi adágún tutù. Bí wọ́n bá dà á lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, òmíràn á kú lójú ẹsẹ̀, òmíràn á kú lọ́la nígbà tí ẹni tó ya fọ́tò ti délé. Ohun tó tọ́ ni pé kí ọ̀rá léfòó lórí omi fún ìgbà díẹ̀, kí ìgbóná omi méjèèjì bára dọ́gba, kí a máa bu omi adágún sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ ẹja tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Kùtùkùtù òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀sán gangan nígbà tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Tí ọmọ ẹja bá kéré jù, ẹja ńlá inú omi á fi í jẹun alẹ́. Èyí tó ti dàgbà díẹ̀ ló lè sá. Ṣùgbọ́n èyí tó ti dàgbà díẹ̀ wọ́n, àwọn tó gba kọngílá kò sì fẹ́ èyí tó wọ́n.

Irú ẹja wo sì ni? Ìbéèrè tí a kì í bi wọ́n nìyí. Epìyà dára, gbogbo wa ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí epìyà bá pọ̀ jù nínú omi tí kò tóbi, kò ní dàgbà mọ́. Oúnjẹ kò tó, á dúró ní kékeré, á sì máa bímọ ní kékeré bẹ́ẹ̀, omi á wá kún fún ẹja tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹni tó bá tún lọ da ọmọ epìyà sínú irú omi bẹ́ẹ̀, iyọ̀ ló ń bù sínú òkun. Nínú irú omi yẹn, ẹja tó ń jẹ ẹja ló lè tún nǹkan ṣe, kó dín wọn kù kí ìyókù lè rí oúnjẹ jẹ. Ìyẹn náà gba ọgbọ́n o. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, àwọn òyìnbó gbé ẹja ràgàjì kan, tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, lọ sínú adágún Victoria ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹja náà gbilẹ̀, wọ́n fi pa owó rẹpẹtẹ ní Europe. Ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà ẹja kéékèèké tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí irú wọn kò sí níbòmíràn lórí ilẹ̀ ayé, ó jẹ púpọ̀ nínú wọn run. Nítorí náà, kí a tó da ẹja kankan sí Ọbà tàbí Ìkéré, kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ju àwọ̀n, kó wo ohun tó wà níbẹ̀, kó wọn ọ́n, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Irú tó jẹ́ ti odò wa ni ká fi sí i: àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, epìyà ilẹ̀ wa. Tí èyí tó wà níbẹ̀ bá tó, ká má da ohunkóhun sí i. Ká kàn dẹ́kun pípa ọmọ ni.

Torí òótọ́ tó korò ni pé ọ̀pọ̀ adágún kò nílò ọmọ ẹja tuntun rárá. Ìsinmi ni wọ́n nílò. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí omi bá gun orí koríko etí bèbè, àrọ̀ á wọ inú koríko yẹn lọ láti yé ẹyin. Gbogbo ọmọ abúlé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì mú kí wọ́n lọ dúró dè é níbẹ̀ pẹ̀lú àdá àti àwọ̀n nìyẹn! Nínú irú epìyà mìíràn, ẹnu ni ìyá ń kó ẹyin àti ọmọ rẹ̀ sí. Ẹ pa ọ̀kan, ẹ ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ká má tíì dárúkọ àwọn tó ń da Gammalin sómi, oògùn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò inú kòkó. Ẹja á léfòó, wọ́n á kó o, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà, èmi àti ẹ̀yin á jẹ ẹ́. Láti 1992 ni òfin ìpẹja inú omi ilẹ̀ wa ti wà ní Nàìjíríà. Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi tí ẹ gbọ́ pé wọ́n mú nítorí rẹ̀ ní agbègbè wa.

Ẹnì kan á sọ pé: «Ọmọ mi, ta ló lè sọ fún ará ìlú kó má pẹja, kó sì gbọ́?» Bàbá, wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n sì ń gbọ́. Ẹ lọ wo Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìpẹja níbẹ̀. Ibi kan lára odò wọn wà tí wọ́n ń pè ní Matan Fada, a kì í pẹja níbẹ̀ títí ọdún á fi yípo. Olórí omi wọn, Sarkin Ruwa, ló ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ ọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin á bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú igbá àti àwọ̀n ọwọ́, ẹja tí wọ́n ń gbé jáde sì máa ń wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Kì í ṣe idán. Ìsinmi ni ẹja rí. Ní 2016, UNESCO kọ ọdún náà sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Nílé tiwa ńkọ́? Ta ló ń pẹja nínú odò Ọ̀ṣun ní igbó Òṣogbo? Kò sí. Ẹja ń wẹ̀ níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Odò Ògùn tó wọ Ìkéré yìí kan náà, ṣé kì í ṣe ti Yemọja ni? Ìbáà ṣe Mùsùlùmí ni yín, ìbáà ṣe Kìrìsìtẹ́nì, àwọn bàbá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé omi tí a kò bá bọ̀wọ̀ fún, kì í bọ́ni. Àwọn tó ní àwọn kàwé jù wọ́n lọ ló gbàgbé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ti wọlé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń polówó Ìkéré pọ̀ mọ́ National Park gẹ́gẹ́ bí ibi eré ojú omi. Àlejò á wá wo ẹran, á wo ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, á sì wá fi ọ̀pá àti ìwọ̀ ṣeré létí omi. Àwọn kan nínú yín á máa rẹ́rìn-ín: ta ni yóò sanwó kó tó jókòó nínú oòrùn de ẹja? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ló ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọọdún kí wọ́n tó ju ìwọ̀ sómi. Ẹja tó bá kéré ju ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, wọ́n á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Iye tí ẹnì kan lè mú lọ lójúmọ́ ní òǹkà. Èyí tó wù mí jù ni pé láti 1950 ni wọ́n ti ní òfin kan tó bu owó orí lé ọ̀pá àti ìwọ̀ àti ohun èlò ìpẹja, tí owó náà sì gbọ́dọ̀ padà sórí ẹja àti omi ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò lọ sápò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fi ẹja ṣeré ló ń sanwó kí ẹja má tán.

Àwa kò lòdì sí ìgbafẹ́. Kí àlejò wá, kí ó sùn sí Ọ̀yọ́, kí ó jẹ àmàlà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ọmọ wa gbé e lọ sójú omi, kí ó fún un ní ekòló tí yóò fi sẹ́nu ìwọ̀, kí ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: ta ni wọ́n fẹ́ lé kúrò kí àlejò tó ráyè jókòó? Torí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ta wáyà yí etí omi ká. Wọ́n á kọ «Ẹ má wọ ibí» sórí páálí. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ti ń bọ́ ìdílé rẹ̀ níbẹ̀ láti ogún ọdún á di olè lójú omi tó ti ń wẹ̀. Ìyá tó ń yan ẹja létí bèbè á di ìdọ̀tí. Ọ̀gá tó wá láti Abuja á wá jókòó sábẹ́ agboòrùn, yóò mú ẹja kan, yóò ya fọ́tò, yóò lọ. Ṣé ìdàgbàsókè nìyẹn? Ìwọ̀sí ni!

Wọ́n tún ní ọgbọ́n kejì, ẹ ṣọ́ra fún un. Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn àlejò apẹja ló ba omi jẹ́, àwọn tó wá láti òkè ọya àti láti ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n á fẹ́ kí ẹ dojú ìjà kọ wọ́n kí ẹ lè gbàgbé àwọn fúnra wọn. Àlejò kan ò dá àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọjà ni wọ́n ti ń tà á, ní gbangba, ìjọba sì ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Kí wọ́n lọ bá ẹni tó ń kó o wọ̀lú. Apẹja tó bá tẹ̀ lé òfin, ìbáà ṣe Hausa, ìbáà ṣe Tápà, ìbáà ṣe ọmọ Ìkòyí, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń sọ kò le. Ẹja gbọ́dọ̀ ní alábòójútó tí a lè dárúkọ, tí a lè mú. A ó ní ìgbìmọ̀ kan fún adágún kọ̀ọ̀kan. Apẹja á wà níbẹ̀, àwọn ìyá ẹlẹ́ja á wà níbẹ̀ (ẹ fọkàn sí èyí, torí ìyá ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ẹja ti kéré, kí ọ̀mọ̀wé kankan tó mọ̀), báálẹ̀ á wà níbẹ̀, àti òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ iṣẹ́ ẹja tí ilé rẹ̀ yóò wà létí omi, kò ní máa gbé Ìbàdàn. Àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ yóò rán ènìyàn wá, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹ́ alága. Ìgbìmọ̀ náà ni yóò dá oṣù tí a kò ní pẹja nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, òun ni yóò ya apá ibi tí ẹja yóò ti máa sinmi tọdún tọdún. Oṣù tí a bá ti omi pa, ìjọba gbọ́dọ̀ ní nǹkan tí apẹja yóò máa jẹ: iṣẹ́ gbígbin igi sétí odò kí erùpẹ̀ má ya wọ omi, iṣẹ́ ṣíṣọ́ omi, owó yíyá. Ẹni tí a bá gba àwọ̀n burúkú lọ́wọ́ rẹ̀, kí á fún un ní èyí tó dára, kí á tó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó da oògùn sómi, òun ni kó lọ sẹ́wọ̀n.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníwọ̀ bá san, kí ó wọ àpò adágún náà, kí wọ́n máa lẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri ààfin àti ti ọjà lóṣooṣù: iye tó wọlé, iye tó jáde, ẹni tó gbà á. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ ìwé kan á kà á fún bàbá rẹ̀.

Ọbà àti Ẹrẹ́lú yàtọ̀ sí Ìkéré o, a ò gbọdọ̀ gbàgbé. Omi mímu ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀ ṣeré níbẹ̀ lè dúró sétí omi tàbí kó wọ ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà. Kò gbọdọ̀ sí ẹ́ńjìnnì tó ń jo epo sílẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń fọ mọ́tò, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń da oúnjẹ ẹja gọbọi sómi kí ẹja lè yára sanra. Bí àwọn olówó kò bá lè fara mọ́ ìyẹn, kí wọ́n lọ gbẹ́ ọ̀fìn tiwọn sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Omi tí aláboyún Ògbómọ̀ṣọ́ ń mu ṣáájú eré ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á dáhùn pé owó kò sí. Ẹ bi wọ́n: owó tí ẹ fi ra ọmọ ẹja tó kú, ibo lẹ ti rí i? Owó báńà tí ẹ ta sókè lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ìgbìmọ̀ kò náni ju bẹ́ǹṣì àti ìwé lọ. Rúlà tí a fi ń wọn ojú àwọ̀n, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní in. Ohun tí kò sí ni ìfẹ́ láti jẹ́ kí mẹ̀kúnnù mọ iye tó wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ Ìkòyí, wọ́n kì í fi ìbẹ̀rù mọ̀ yín. Bí wọ́n bá dé pẹ̀lú mọ́tò àti ìlù, ẹ jẹ́ kí ìlù náà dákẹ́, kí ẹ wá bi wọ́n ní ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́: orúkọ ta ni a ó kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bójú tó ẹja inú adágún wa? Èkejì: oṣù wo ni ẹ ó ti omi pa, kí ni apẹja yóò sì jẹ nínú oṣù náà? Ẹ̀kẹta: owó oníwọ̀, ògiri wo ni ẹ ó lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́? Bí ẹnì kan bá ní òun ń bọ̀ wá dáhùn, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Olùdíje tiwa kò ní sá. Yóò wà ní Ìkòyí-Ilé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nínú ọjà gan-an, kì í ṣe ní ilé olówó kankan. Ẹ bá wa pe àwọn apẹja, ẹ bá wa pe àwọn ìyá ẹlẹ́ja láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Kí apẹja mú àwọ̀n rẹ̀ dání, èyí tó ya àti èyí tí kò ya, a ó wọn ojú rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni kí ẹ bi olùdíje wa, kí akọ̀wé ìlú sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú kí ó tó wọ mọ́tò.